Ṣé Aláǹtakùn Tí Mo Rí Nínú Ihò Àpáta Yìí Jẹ́ Ẹ̀yà Tuntun?

Ìbéèrè: "Ẹ káàsán o, mà. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni mí ní ilé-ìwé girama kan ní ìpínlẹ̀ Òndó. Nínú ihò àpáta kan lẹ́yìn ìlú wa, mo rí aláǹtakùn kan tó funfun báláú, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, n kò sì rí ojú kankan lórí rẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo wá a lórí Google, kò sí èyí tó jọ ọ́. Mo wá ka ìròyìn èyí tí wọ́n rí ní Oregon ní Amẹ́ríkà, tó ṣàjèjì débi pé wọ́n dá ìdílé tuntun sílẹ̀ fún un. Ṣé tèmi náà kò lè jẹ́ tuntun ni? Ọ̀rẹ́ mi kan ní àfi kí n ṣe àyẹ̀wò DNA. Ẹlòmíràn ní wọ́n máa ní kí n pa á, kò sì wù mí kí n pa á. Bó bá jẹ́ tuntun, ṣé mo lè fi orúkọ màmá mi sọ ọ́? Mo fi àwọn fọ́tò náà mọ́ ọn."

Àbúrò, o ṣeun tí o kọ̀wé, o sì ṣeun tí o kò tíì fọwọ́ kan ẹranko náà. Ohun tó ń jẹ ọ́ lọ́kàn yé mi. O rí ohun tí ẹnikẹ́ni nínú ìlú kò mọ orúkọ rẹ̀, o sì ń rò ó pé bí o bá fi falẹ̀, ẹlòmíràn á gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́, bí o bá sì yára jù, wàá pariwo ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó dá mi lójú. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ tuntun. Èmi kò lè fi fọ́tò sọ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò sì tíì rí amòye aláǹtakùn tó lè fi irú fọ́tò yìí sọ ọ́. Àti pé gbogbo ohun tó yà ọ́ lẹ́nu lára rẹ̀, fífunfun rẹ̀, ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀, àìlójú rẹ̀, àwọn gan-an ni kò ní fi bẹ́ẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ láti mọ̀ bóyá ẹnì kan ti sọ ọ́ lórúkọ rí.

Ká tó dé ibẹ̀, ṣé aláǹtakùn ni lóòótọ́? Má jẹ́ kí ìbéèrè yìí bí ọ nínú. Ọ̀pọ̀ fọ́tò tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ sí mi láti inú ihò àpáta nílẹ̀ wa níbí ni kì í ṣe ti aláǹtakùn rárá. Ẹranko pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Damon, tó wà káàkiri ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara òkúta tí á sì máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló fi ń rìn. Méjì tó wà níwájú ti di tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n gùn ju gbogbo ara rẹ̀ lọ, òun ló fi ń táràrà nínú òkùnkùn. Kò ní òwú tó lè ta, kò sì ní oró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìrísí rẹ̀ lè lé àgbàlagbà sá. Òmíràn tún wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn gbọọrọ, ṣùgbọ́n tí ara rẹ̀ jẹ́ odidi kan ṣoṣo, kò ní ìbàdí. Aláǹtakùn gidi ní ìbàdí tóóró láàárín igbáàyà àti ikùn, ó sì ní ṣóńṣó kéékèèké ní ìdí rẹ̀ tí òwú ń gbà jáde. Nínú ọ̀kan lára àwọn fọ́tò rẹ, mo rí ìbàdí, mo sì rí òwú lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo gbà pé aláǹtakùn ni. Ẹsẹ̀ yẹn sì mú kí n máa fura sí ìdílé Pholcidae, àwọn ìbátan èyí tó máa ń so rọ̀ ní igun àjà ilé, tó jẹ́ pé bí o bá fọwọ́ kan òwú rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í mì jìgìjìgì. Ìfura lásán ni o.

Ní ti fífunfun, aláǹtakùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ awọ máa ń funfun títí awọ tuntun á fi le, tí àwọ̀ rẹ̀ á fi jáde. Ọmọ aláǹtakùn náà sábà máa ń funfun ju ìyá rẹ̀ lọ. Ní ti ojú, ojú aláǹtakùn kéré gan-an, bí kò bá sì sí dúdú tó yí i ká, kámẹ́rà fóònù kò lè rí i. Nítorí náà, má tíì pè é ní afọ́jú. Àmọ́ àwọn tó fọ́jú lóòótọ́ wà, wọn ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wà. Láti 1847 ni Schiødte, ará Denmark, ti ṣàpèjúwe ọ̀kan, Stalita taenaria, láti inú ihò Postojna tó wà ní Slovenia lónìí. Ní erékùṣù Kauai ní Hawaii, nínú àwọn ihò tí òkúta yíyọ́ láti inú òkè oníná ṣàn kọjá tó sì fi sílẹ̀, aláǹtakùn kan wà tí Gertsch ṣàpèjúwe ní 1973, Adelocosa anops. Ìdílé àwọn aláǹtakùn ọdẹ tí a mọ̀ mọ ojú ńlá ló ti wá, síbẹ̀ kò ní ojú kankan. Ní Laos, Peter Jäger ti mùsíọ́mù Senckenberg ní Frankfurt, Jámánì, ṣàpèjúwe Sinopoda scurion ní 2012, òun náà kò ní ojú. Ara rẹ̀ tó nǹkan bíi mìlímítà 12, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 6. Ohun tó dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ yẹn ni pé àwọn ìbátan rẹ̀ ṣì wà tí wọ́n ní ojú mẹ́jọ pé, tí àwọn kan ní mẹ́fà, tí àwọn mìíràn ní mẹ́rin, tí àwọn mìíràn sì ní méjì. Ó dà bíi pé ẹnì kan tò wọ́n kalẹ̀ kí a lè rí bí ojú ṣe ń lọ díẹ̀díẹ̀.

Kí ló ń fà á? Lóde, aláǹtakùn ọdẹ tí wọ́n bá bí pẹ̀lú ojú tó bàjẹ́ kò ní pẹ́ kú. Ebi á pa á, tàbí kí alángbá gbé e mì kó tó bímọ. Nínú òkùnkùn biribiri, olójú àti aláìlójú kò yàtọ̀ síra, nítorí náà àbùkù ojú kì í pa ẹni tó ní in, ó ń ti ọwọ́ òbí bọ́ sí ọwọ́ ọmọ, ó ń pọ̀ sí i. Ẹni tí kò sì fi oúnjẹ díẹ̀ tó rí tọ́jú ojú tí kò wúlò lè ní àǹfààní díẹ̀ lórí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọ̀ ara ṣe ń lọ, torí kò sí oòrùn tí àwọ̀ á máa dáàbò bo ara lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ní tirẹ̀ ń gùn, torí ẹsẹ̀ ló fi ń mọ ohun tó wà níwájú. Níwọ̀n bó ti jẹ́ pé ohun kan náà ló ń fà á níbi gbogbo, àwọn aláǹtakùn tí kò bá ara wọn tan rárá á wá máa jọra: ti Laos funfun, ti Hawaii kò lójú, ti Texas tí mo máa sọ níwájú náà kò lójú. Fífunfun àti àìlójú ń sọ ibi tí ẹranko ń gbé fún wa, wọn kì í sọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Ìdí nìyẹn tí n kò fi lè bá ọ yọ̀ nítorí wọn. Ihò yín náà, bí mo ṣe rí i nínú fọ́tò, jẹ́ ti àwọn òkúta ńlá tó gbé ara wọn rù, irú àwọn ihò bẹ́ẹ̀ kì í sì jìn púpọ̀, ìmọ́lẹ̀ máa ń yọ́ wọlé. Pa tọ́ọ̀ṣì rẹ níbi tí o ti rí i, kí o dúró títí ojú rẹ á fi mọ́ òkùnkùn lára, kí o wá wò ó bóyá o lè rí àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Bí o bá rí i, àlejò inú ihò ló ṣeé ṣe kó jẹ́, kì í ṣe onílé.

Ọ̀rọ̀ Google wá ńkọ́? Pé Google kò mọ̀ ọ́n kò fi hàn pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀pọ̀ jaburata aláǹtakùn ló jẹ́ pé àwòrán tí wọ́n fi kálàmù yà láti ara òkú rẹ̀ nínú ìgò ni gbogbo ohun tó wà, kò sí ẹni tó ya fọ́tò rẹ̀ láàyè rí. Orúkọ sáyẹ́ǹsì ti aláǹtakùn tilẹ̀ dàgbà ju ti gbogbo ẹranko yòókù lọ. Orúkọ àwọn ẹranko yòókù bẹ̀rẹ̀ láti ara ìwé Linnaeus ní 1758, ṣùgbọ́n ti aláǹtakùn bẹ̀rẹ̀ láti ara ìwé Clerck ní 1757, ará Sweden ni àwọn méjèèjì. Gbogbo orúkọ tí wọ́n ti sọ láti ìgbà náà wà nínú World Spider Catalog, tí mùsíọ́mù ìlú Bern ní Switzerland ń tọ́jú. Ní April 2022, iye ẹ̀yà tó wà níbẹ̀ kọjá 50,000. Kò gba owó. Bí o bá forúkọ sílẹ̀, wàá lè ka àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n fi ṣàpèjúwe wọn, láti ọ̀rúndún méjì àtààbọ̀ wá. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Wá ìdílé rẹ̀, kí o wá wo gbogbo ẹ̀yà ìdílé náà tí wọ́n ti rí láti Senegal títí dé Cameroon. Èdè Faransé àti ti Jámánì ló pọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn jẹ́ Látìn, sùúrù ló gbà. Wàá rí i pé púpọ̀ nínú àwọn aláǹtakùn ilẹ̀ Áfíríkà ló jẹ́ pé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ láyé àwọn òyìnbó amúnisìn, abo nìkan tàbí akọ nìkan. Tìrẹ lè wá jẹ́ ọkọ ìyàwó kan tí wọ́n ti sọ lórúkọ kí wọ́n tó bí bàbá bàbá rẹ. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀yà tuntun, ṣùgbọ́n ó tọ́ sí ìwé kíkọ.

Wo ti Oregon tí o kà, nítorí ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ ju bí àwọn oníròyìn ṣe gbé e lọ. Àwọn tó ń fi wíwọ ihò ṣe ìgbafẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ Western Cave Conservancy, ló rí i ní 2010 ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà. Wọn kò sọ ọ́ lórúkọ fúnra wọn. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí California Academy of Sciences ní San Francisco. Griswold, Audisio àti Ledford jókòó tì í, nígbà tó sì di 2012 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde nínú jọ́nà ZooKeys: Trogloraptor marchingtoni, nínú ìdílé tuntun Trogloraptoridae. Marchington tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn awọhò náà, ọlọ́pàá ni nídìí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ẹranko yìí kò funfun, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ẹni fẹ́ jọ yẹ́lò. Kò fọ́jú náà, ojú mẹ́fà ló ní. Bó bá na ẹsẹ̀, ó tó sẹ̀ǹtímítà méje àti díẹ̀. Ohun tí gbogbo ayé ń sọ ni èékánná rẹ̀, tó gùn, tó tẹ̀ kọ́rọ́, tó ní eyín wẹ́wẹ́, tó sì ń ká padà sí ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n èékánná nìkan kọ́ ló bí ìdílé tuntun. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ìdílé tó ṣeé ṣe kó ti wá, wọ́n wo ẹnu rẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà mí, ibi tí òwú rẹ̀ ń gbà jáde àti ẹ̀yà ìbímọ rẹ̀, wọ́n rí i pé kò sí ìdílé kan tí gbogbo rẹ̀ pé sí lọ́nà yẹn.

Ibì kan wà nínú iṣẹ́ náà tí àwọn oníròyìn fò, òun sì ni èmi fẹ́ràn jù. Nínú igbó àwọn igi redwood ní California, wọ́n rí ọmọ aláǹtakùn kan tó jọ ti Oregon, tí àmì ara rẹ̀ kò bá tirẹ̀ mu. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó lè jẹ́ ẹ̀yà mìíràn. Wọn ò sọ ọ́ lórúkọ. Ọmọ ni, kò tíì dàgbà, wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ènìyàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá odidi ìdílé sílẹ̀, tí ayé ń pàtẹ́wọ́ fún, tí wọn kò sì fi ìyẹn gba ẹyọ orúkọ kan mọ́ ọn. Bí wọ́n bá bi mí pé irú ọwọ́ wo ló yẹ fún iṣẹ́ yìí, ibẹ̀ ni mo máa ń nawọ́ sí.

Kí ló dé tí a fi ń dúró de àgbà? Ẹ̀yà ìbímọ la fi ń dá aláǹtakùn mọ̀, ọmọ kò sì ní in. Akọ ní ọwọ́ kékeré méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu. Nígbà tó bá bọ́ awọ ìkẹyìn, orí ọwọ́ yẹn á wú, ohun kan á yọ níbẹ̀ tó ní àpò nínú àti ṣóńṣó tẹ́ẹ́rẹ́ níta. Ibẹ̀ ni akọ ń fa àtọ̀ rẹ̀ sí kó tó lọ bá abo. Abo ní tirẹ̀ ní ojú ihò lábẹ́ ikùn, ọ̀pọ̀ wọn a sì ní pátákó líle lórí rẹ̀, tí ọ̀nà inú rẹ̀ á lọ́ kọ́lọkọ̀lọ dé ibi tí àtọ̀ ń pamọ́ sí. Ti akọ àti ti abo ẹ̀yà kan náà bá ara wọn mu bíi kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo. Ti ẹ̀yà kejì á yàtọ̀, kódà bí ojú lásán kò bá lè mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn. Nítorí náà, iṣẹ́ tó pọ̀ jù kò sí nínú ihò, orí tábìlì ló wà. Mo máa ń fi tuísà tó mú ṣóńṣó yọ ọwọ́ kékeré ti apá òsì, torí ti òsì ni a jọ gbà láti máa yà kí àwòrán lè ṣeé fi wé ara wọn, mo máa ń gbé e sínú ọtí lábẹ́ máíkírósíkóòpù, mo sì máa ń yà á láti iwájú, láti ẹ̀yìn àti láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá yí díẹ̀ péré nínú ọtí, àwòrán ti bàjẹ́ nìyẹn, mo máa tún un tò. Ti abo, mo máa gé ibẹ̀ kúrò, mo máa fi sínú òróró kànáfùrù kí ẹran ara rẹ̀ lè mọ́ gaara, kí ọ̀nà inú rẹ̀ lè hàn. Lẹ́yìn náà la ó wọn oríkèé ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń súni nígbà mìíràn, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ tó sọ̀rọ̀ DNA kò parọ́, ó kàn sọ ọ́ jù ni. Apá kan wà nínú DNA tí wọ́n ń pè ní COI, tí gígùn èyí tí à ń kà jẹ́ lẹ́tà 658. A máa ń fi í wé àwọn tó ti wà ní ìpamọ́. Bó bá bá ọ̀kan mu, ó ràn wá lọ́wọ́ gidi. Bí kò bá bá ìkankan mu, kò fi nǹkan kan hàn, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláǹtakùn ilẹ̀ wa ni ẹnikẹ́ni kò tíì ka DNA rẹ̀. Òfin orúkọ ẹranko pàápàá kò béèrè DNA. Ibi tó ti wúlò jù ni kí a fi so ọmọ mọ́ àgbà, kí a fi so akọ mọ́ abo, tàbí kí a fi ya àwọn méjì tó jọra jù sọ́tọ̀. Owó ló ń gbà, ẹsẹ̀ kan lára rẹ̀ sì tó fún un. Má ná owó oṣù rẹ lé e lórí kí o tó mọ̀ bóyá àgbà ni.

Pípa rẹ̀ wá ni ọ̀rọ̀ tó le. N kò ní bá ọ yí i po: bí a bá fẹ́ ṣàpèjúwe aláǹtakùn bó ṣe yẹ, ó kéré tán ọ̀kan máa kú. Orúkọ kọ̀ọ̀kan ní láti so mọ́ ẹyọ ẹranko kan tí a ó máa pè ní holotype, tí á wà ní mùsíọ́mù, kí ẹni tó bá ń jiyàn lẹ́yìn 100 ọdún lè lọ wò ó. Àwọn kan ti fi fọ́tò nìkan sọ ẹranko lórúkọ, ìjà ló dá sílẹ̀, ti aláǹtakùn kò sì ṣeé ṣe rárá nígbà tó jẹ́ pé inú ara ni ẹ̀rí wà. Gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní San Antonio ní Texas. Ní 2012, wọ́n ń kọ́ ọ̀nà abẹ́ afárá tó tó mílíọ̀nù 15 dọ́là, ni onímọ̀ kan bá rí aláǹtakùn kékeré aláìlójú nínú ihò kan nílẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n tú u wò lábẹ́ máíkírósíkóòpù ni wọ́n tó mọ̀ pé Cicurina venii ni, èyí tó wà lábẹ́ ààbò òfin, tí wọn kò tún rí láti 1980. Iṣẹ́ dúró. Ẹyọ kan tó kú ló jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó wà níbẹ̀. Síbẹ̀, ọkàn mi kì í balẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí àwọn ẹranko inú ihò kì í pọ̀, wọn kì í sì yára bí. Ti Kauai tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ẹyin rẹ̀ kì í ju 15 sí 30 lọ nígbà tí àwọn ìbátan rẹ̀ lóde ń yé ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Nítorí náà ìmọ̀ràn mi rèé: bí o bá wo gbogbo ihò náà tí o kò rí ju ẹyọ kan lọ, fi í sílẹ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, akọ àgbà kan àti abo àgbà kan tó láti bẹ̀rẹ̀. Má mú ọmọ kó o sì pa á, kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. O lè mú ọmọ láti sìn ín títí á fi dàgbà, nínú ike tó ní òwú tútù, níbi tó tutù tó sì ṣókùnkùn, kí o máa fún un ní eṣinṣin wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n ó lè kú mọ́ ọ lọ́wọ́. Ní San Francisco, wọ́n gbé ìrẹ̀, àfòpiná àti aláǹtakùn mìíràn síwájú àwọn ọmọ Trogloraptor, wọn kò jẹ ìkankan títí ebi fi pa wọ́n kú. Títí di ìgbà tí wọ́n kọ ìwé náà, kò sí ẹni tó mọ ohun tó ń fi èékánná yẹn mú jẹ.

Bó bá di pé o máa mú un, ọtí ẹ̀tánọ́ọ̀lù ìdá 75 nínú 100 ló dára fún ara rẹ̀. Fún DNA, já ẹsẹ̀ kan sínú èyí tó lé ní 95. Ògógóró kò lágbára tó, ara rẹ̀ á rà. Má fi fọmalíìn kàn án, ó ń ba DNA jẹ́. Kọ ibi tí o ti rí i, bó ṣe jìn sí ẹnu ihò tó, ọjọ́, oṣù, ọdún àti orúkọ rẹ sórí bébà kékeré, pẹ́ńsù ni kí o fi kọ ọ́, kí o sì ti bébà náà bọnú ìgò pẹ̀lú ẹranko. Ọtí máa ń fọ yíǹkì báírò, ìgò tí o lẹ nǹkan mọ́ lóde sì máa ń bọ́ sílẹ̀. Aláǹtakùn tí a kò mọ ibi tó ti wá kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò rí. Má dá wọ ihò náà, kí o sì fi nǹkan bo imú, torí eruku ìgbẹ́ àdán lè kó àìsàn sí ènìyàn ní ẹ̀dọ̀fóró. Kó tó di èyí gbogbo, lọ bá baálẹ̀ àti àwọn tó ni ihò náà. Ọ̀pọ̀ ihò nílẹ̀ wa ló ní olùtọ́jú, ibi ìbọ ni àwọn mìíràn, ibi ìsásí nígbà ogun ni àwọn mìíràn. Bí wọ́n bá ní rárá, rárá náà ni.

Ta ló máa wá ṣàpèjúwe rẹ̀? O lè kọ́ ọ ṣe fúnra rẹ, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti ṣe bẹ́ẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n wàá nílò máíkírósíkóòpù tó dára àti ọdún díẹ̀ láti mọ ìdílé kan dáadáa. O lè fi ránṣẹ́ sí amòye ìdílé náà. Ìyẹn yá jù, àfi pé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ṣáájú, nítorí ẹni tó kọ àpèjúwe ló ń sọ ọmọ lórúkọ, kì í ṣe ẹni tó rí i. Sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé o fẹ́ kí orúkọ rẹ wà lórí ìwé náà àti pé o ní orúkọ lọ́kàn. Láti ìgbà àdéhùn Nagoya, èyí tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ ṣe lórí ẹ̀tọ́ ìlú tí a ti mú ẹ̀dá kan, tó fìdí múlẹ̀ ní 2014, kò dára mọ́ kí ẹnikẹ́ni kàn di ẹranko sínú báàgì gba òkè òkun lọ láìgba àṣẹ. Èyí tí èmi fara mọ́ ni kí holotype wà nílé, ní irú ibi bíi mùsíọ́mù ìṣẹ̀dá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, kí a sì kọ̀wé sí àwọn bíi mùsíọ́mù Tervuren ní Belgium, níbi tí aláǹtakùn ilẹ̀ Áfíríkà pọ̀ sí, láti fi tiwa wé tiwọn. Má sì retí pé á yá. Àwọn kan ṣe ìṣirò rẹ̀ ní 2012, wọ́n rí i pé láàárín ìgbà tí wọ́n mú ẹ̀dá kan àti ìgbà tí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀, nǹkan bí 21 ọdún ló ń gbà. Cicurina venii fúnra rẹ̀, 1980 ni wọ́n mú un, 1992 ni wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ.

Ní ti màmá rẹ, bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣeé ṣe. Òfin kò tilẹ̀ kọ̀ kí ènìyàn fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ọ́, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí a ṣe é. Ti obìnrin máa ń ní "ae" nídìí, ti ọkùnrin ní "i", ti ìlú sì ní "ensis". Àmì ohùn àti ibi tí a fàlà sí nídìí kò wọlé, nítorí náà Àbẹ̀kẹ́ á di abekeae, kí màmá má bínú. Bí ẹnì kan bá ní orúkọ ìyá kì í ṣe ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì, sọ fún un pé orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iná orí fún àwọn awọhò ni Jäger fi sọ ti Laos yẹn.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, má kọ ọ̀nà ihò náà síta fún gbogbo ayé, torí àwọn kan wà tó ń ta ẹranko bẹ́ẹ̀. Sọ ìlú, kí o fi èyí tó kù sí ọwọ́ mùsíọ́mù. Ní báyìí, padà lọ ní ìgbà òjò, kí o tún lọ ní ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí akọ àgbà kì í pẹ́ láyé, ó sì lè jẹ́ ìgbà kan péré láàárín ọdún ni wàá rí i. Ọjọ́ tí o kò bá rí nǹkan kan, kọ òun náà sílẹ̀. Bí o bá rí èyí tí orí ọwọ́ kékeré rẹ̀ wú, ya fọ́tò rẹ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o fi ránṣẹ́ sí mi kí o tó mú un.